Ẹṣin Àádọ́fà

Bàbá mi wa gwóńgwòrò fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Mercedes 911 ni, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kòkó ni wọ́n ń fi í kó láti Oǹdó lọ sí Àpápá. Bí kòkó bá tán nílẹ̀, wọ́n á kó pákó. Bí pákó náà ò bá sí, wọ́n á kó ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè dúró lórí ọkọ̀. A máa ń gbúròó rẹ̀ kó tó yọ ní kọ́nà. Ìyá mi á ti gbé omi ẹ̀bà kaná kó tó pa ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé 911 kàn jẹ́ nọ́ńbà bíi nọ́ńbà ilé ni. Bàámi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀lé e lọ sí gáréèjì. 9 yẹn ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ náà lè wọ̀n tòun tẹrù. 11 yẹn, ẹ fi òdo kan sí i lẹ́yìn, òun ni agbára ẹṣin tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹṣin àádọ́fà. Ọmọdé ni mí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe gbà á: mo gbà pé wọ́n so ẹṣin àádọ́fà mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lóòótọ́, pé àwọn ni wọ́n ń pariwo.

Lọ́dún 2013, mo ra mọ́tò kan ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àlòkù tó ti lo ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe, ẹni tí kò bá sì ní mọ́tò kò lè ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo jókòó, mo ka ìwé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì díísù, lítà 1.6, agbára ẹṣin 109. Mo tún un kà. Mo gbé fóònù, mo pe Bàámi.

"Bàámi, ẹ ẹ̀ ní gbà gbọ́. Mọ́tò tí mo rà yìí, ẹṣin kan ṣoṣo ló fi dín sí gwóńgwòrò yín."

"Lítà mélòó?"

"Ẹyọ kan àti díẹ̀. 1.6."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Sìlíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì tiwọn, lítà 5.7. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, níbo ni wọ́n wá rí àyè so wọ́n mọ́?"

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wa mọ́tò yẹn. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá ìdáhùn sí, mo sì fi owó ra púpọ̀ nínú ìdáhùn náà.

Orúkọ tó wà lára mọ́tò mi ò ṣe pàtàkì, mi ò sì ní í dá a. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, òun sì dà bí ọmọ tí olúkúlùkù ẹbí sọ lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ. Peugeot àti Citroën, tí wọ́n wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PSA nígbà náà, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Ford lọ́dún 1998 pé kí àwọn jọ máa ṣe ẹ́ńjìnnì díísù. Èyí tí mò ń sọ yìí wà lára ohun tó tibẹ̀ jáde. DV6 ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Lẹ́yìn Peugeot tàbí Citroën, 1.6 HDi lẹ máa rí. Lẹ́yìn Ford, 1.6 TDCi. Volvo gbé e sínú mọ́tò rẹ̀, Mazda náà gbé e, Mini náà lò ó fún ọdún díẹ̀. Ẹni tó ń fi Volvo yangàn sí aládùúgbò tó ń wa Ford Focus, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣí láràárọ̀. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Dagenham tí mò ń gbé pàápàá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí: Ford ò ṣe mọ́tò níbẹ̀ mọ́ láti 2002, ẹ́ńjìnnì díísù ló kù tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ni. Lítà 1.6 tí wọ́n ń pè é yẹn, 1,560 cc ni bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹnu sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 75. Ẹ ronú ẹnu agolo mílíìkì. Fáàfù 16 ló wà nínú tèmi, wọ́n sì sọ ọ́ di 8 nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin 109 yẹn kì í pé jáde àyàfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 níṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ipá tí a fi ń gun òkè ti délẹ̀ láti 1,750. Ìdí nìyẹn tí díísù fi ń dùn ún wà. Ẹ ò ní í máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń lé olè.

Afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè Bàámi. Ẹ́ńjìnnì ò lè jó epo ju bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Ti gwóńgwòrò tóbi, ó ń fa ìwọ̀n tí imú rẹ̀ bá gbà, ó tó o. Tèmi kéré, nítorí náà wọ́n ń rọ ọ́ ní afẹ́fẹ́ bí ìyá ṣe ń rọ ọmọ ní àgbo. Tọ́bò ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń rọ ọ́. Èéfín tó yẹ kó gba sálẹ́ńsà jáde, wọ́n ní kó kọ́kọ́ yí fáànù kan ná; fáànù yẹn á yí èkejì, èkejì á máa ki afẹ́fẹ́ bọ sìlíńdà. Ọ̀pá kékeré kan ló so fáànù méjèèjì pọ̀, ó sì lè yí ju ìgbà 150,000 lọ nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì gwóńgwòrò, ká tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kì í kọjá nǹkan bíi 2,800. Irin ò lè máa ha irin ní irú eré bẹ́ẹ̀. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ń léfòó sí, ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Ẹ fi ọ́ìlì yẹn sọ́kàn.

Epo náà ní tirẹ̀. Díísù ò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Písítìnì ló máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ó fi gbóná débi pé bí epo bá ti kàn án, iná sọ. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, pọ́ǹpù kan ń ti epo náà dé ìwọ̀n 1,600 bar kí nọ́sù tó fọ́n ọn. Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò mi, bar 2.2 ni. Ìlọ́po 700 nìyẹn, ó tún lé. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ìgbà tí nọ́sù kọ̀ọ̀kan máa ṣí, ó sì lè ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún ìjóná kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún Bàámi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹṣin tí wọ́n bá há mọ́ra tó báyìí, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ tapá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1858, ló ni orúkọ tí à ń pe epo yìí. Ní Augsburg, lọ́dún 1897, ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe pàtẹ ńlá ní Paris lọ́dún 1900, ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà ṣíṣẹ́. Diesel fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ló ní kí wọ́n dán an wò, torí pé ẹ̀pà pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ti yẹ lọ. Òróró tí à ń fi dín dùǹdú, òyìnbó ti fi wa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu òróró sínú 1.6 HDi yín o. Nọ́sù tó ń fọ́n epo ní 1,600 bar ò lè fara da jíjẹ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Iṣẹ́ mi ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì yẹn.

Bí ọjọ́ mi ṣe máa ń lọ nìyí: aago méje àárọ̀, mo wà lọ́dọ̀ màmá kan, mo wẹ̀ fún wọn, mo fún wọn ní oògùn. Mo wọ mọ́tò, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo dé ọ̀dọ̀ bàbá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹlòmíràn. Títí di alẹ́, ẹ́ńjìnnì yẹn ò ráyè gbóná dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ díísù òde òní ní asẹ́ ńlá kan nínú sálẹ́ńsà tó ń mú ẹ̀érú dúdú inú èéfín kó má bàa bọ́ sí ojú ọ̀nà. PSA gbé e fún ará ìlú, nínú Peugeot 607, lọ́dún 2000. Bí asẹ́ náà bá kún, mọ́tò fúnra rẹ̀ á sun ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀érú yẹn kì í jó tí ooru ò bá tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n wá ń fi oògùn kan tó ń jẹ́ Eolys, tí irin kan tó ń jẹ́ cerium wà nínú rẹ̀, sí epo díẹ̀díẹ̀ kí ó lè jó ní nǹkan bí 450. Àmọ́ ó ṣì fẹ́ kí ẹ wà á ní eré, bí ogún ìṣẹ́jú, láìdúró.

Èmi, ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹ̀érú tí mo sì pa á, yóò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn, màá tún pa á. Epo tó ń fọ́n lé e láti mú kí ó gbóná ò jó tán; díẹ̀ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Mo yọ gééjì wò lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ọ́ìlì mi pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní mọ́tò yìí dára, kì í jẹ ọ́ìlì rárá.

Lọ́dún 2016, lójú títì A13, nítòsí Rainham, mo gbọ́ ohùn kan bí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo yà fún un. Kò sẹ́ni tó kọjá. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ni ohùn náà ti ń jáde. Agbára tán lẹ́sẹ̀ mi, mo wo dígí, mi ò rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́. Èéfín búlúù ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Tọ́bò ti lọ.

Ilé mẹkáníìkì tí wọ́n wọ́ ọ lọ fi tọ́bò tuntun sí i. Owó oṣù mi àti díẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohùn ọlọ́pàá tún dé. Wọ́n ní bóyá mo ń wà á ní ìwàkuwà. Mi ò dá wọn lóhùn, torí bí mo bá ṣí ẹnu, ẹkún ló máa jáde.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe mẹkáníìkì kan tí mò ń pè ní Bọ̀dá fún mi. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, abẹ́ afárá rélùwéè kan ní Barking ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Wọn ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó bi mí léèrè.

"Àǹtí, nígbà tí wọ́n fi tọ́bò tuntun sí i, ṣé wọ́n pààrọ̀ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún un?"

"Páìpù wo, Bọ̀dá?"

Wọ́n mi orí. Wọ́n tú páìpù náà jáde, tín-ín-rín, wọ́n sì yọ ohun kan láti ìdí rẹ̀, láti inú bóòtù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Asẹ́ kékeré ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ó dúdú, ó ti dí pátápátá. Wọ́n gbé e sí mi lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ̀bi ò sí lọ́wọ́ tọ́bò. Ebi ló pa á. Àkọ́kọ́ kú, wọ́n gbé èkejì wá sínú ilé tí kò sí oúnjẹ. Kí ni kí èkejì ṣe?"

Gbogbo ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì yìí ló mọ ìtàn yẹn, mo wá mọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń ta tọ́bò kì í gba ẹ̀bi bí ẹ ò bá fi ìwé hàn pé ẹ pààrọ̀ páìpù náà. Ṣùgbọ́n níbo ni ìdọ̀tí tó dí asẹ́ náà ti wá? Ibí yìí ni Bọ̀dá ti gbádùn ara wọn jù. Wọ́n ní kí n ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó wà níbẹ̀, tó jẹ́ irú tèmi. Wọ́n gbé orí sí i, wọ́n ní kí èmi náà gbé tèmi. Mo gbọ́ ọ: ṣíí, ṣíí, ṣíí, bí ìgbà tí ìrẹsì ń ti ọmọrí ìkòkò. Ìdí nọ́sù lohùn yẹn ti ń wá. Wáṣà bàbà kan wà lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, fẹ́lẹ́ bí owó kọ́bọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí iná inú sìlíńdà jáde. Bí wáṣà náà bá jẹ díẹ̀ báyìí, èéfín gbígbóná á máa gba ibẹ̀ yọ, á sì dì sí ara nọ́sù bí ọ̀dà títì. Àwọn mẹkáníìkì òyìnbó ń pè é ní ikú dúdú. Èéfín náà á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ki, á di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni asẹ́ kékeré ń mú. Asẹ́ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an, títí ó fi dí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó yẹ kó dáàbò bò.

Owó wáṣà mẹ́rin ò tó owó ìrẹsì àti ẹran ní búkà. Mo ro ó lọ́jọ́ náà, mo tún ń rò ó.

Bọ̀dá sọ ẹ̀bi tèmi náà fún mi, wọn ò fi bò. Nínú ìwé àwọn kan lára mọ́tò tó ń lo ẹ́ńjìnnì yìí, wọ́n ní 12,500 máìlì ni kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi ti wà á dé 16,000, torí mo wo gééjì mo rí i pé ó kún. Bọ̀dá ní kí n gbàgbé ìwé. 6,000, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Lítà 3.75 péré ni ọ́ìlì inú rẹ̀, bí ìgò omi ńlá méjì àti ààbọ̀, òun ló ń bọ́ ẹṣin 109 yẹn. Wọ́n sọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n fọ asẹ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páìpù àti tọ́bò. Wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, wọ́n ní kí n wà á ní 500 máìlì kí n padà wá kí wọ́n dà á nù. Mo ní ọ́ìlì tuntun? Wọ́n ní, "Ẹ ti fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí rí? Ṣé omi ẹ̀ẹ̀kan ló ń gbà?"

Ẹ̀rọ yẹn ní àrùn mìíràn. Fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì máa ń dì mọ́ra, Bọ̀dá sì fọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́líìtì táímìn rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá, ẹni tó bá fi ṣeré, fáàfù àti písítìnì rẹ̀ á fi orí gbárí. Mi ò rí ìyẹn rí, ọpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ inú sálẹ́ńsà ló kù. Ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí wọ́n lù ú jáde, kí n sinmi. Bọ̀dá kọ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2014, mọ́tò tí wọ́n bá yọ asẹ́ náà kúrò nínú rẹ̀ kì í yege àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, yàtọ̀ sí pé àwọn ọmọ tiwa náà ló ń fa ẹ̀érú yẹn símú lójú títì. Nítorí náà mo fi mọ́tò mi sí oògùn. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, màá gba títì A127, ó di Southend, láìdúró. A ó jẹ áísìkiríìmù létí òkun, a ó padà. Àwọn ọmọ mi rò pé nítorí tiwọn ni. Ọdún méje ni mo fi ṣe é, mi ò sọ fún wọn.

Ohun tó mú mọ́tò náà kúrò lọ́wọ́ mi kì í ṣe àrùn. Lọ́dún 2001 ni ìjọba ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi CO2, èéfín tó ń mú ayé gbóná, díwọ̀n owó orí mọ́tò, díísù kékeré sì ń tú u jáde níwọ̀nba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń san £30 péré lọ́dún. Ó tó àkókò kan tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà níbí ló ń mu díísù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí Volkswagen tú pé ó ń ṣe màgòmágó nínú àyẹ̀wò èéfín díísù rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wa díísù sì di ẹni tí wọ́n ń wò kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, agbègbè afẹ́fẹ́ mímọ́ tí wọ́n ń pè ní ULEZ dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Dagenham. Díísù tí kò bá tó Euro 6, ìyẹn ìpele kẹfà nínú òfin èéfín mọ́tò ní Yúróòpù, á máa san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Euro 4 ni tèmi. Àwọn tó ní kí n ra díísù àti àwọn tó ní kí n san £12.50, orúkọ kan náà ni mò ń pè wọ́n: ìjọba. Mi ò sọ pé afẹ́fẹ́ ò ṣe pàtàkì. Ọmọ mi kejì ní ikọ́ fée. Ó kàn dùn mí bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa la mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Bàámi ní kí n fi ránṣẹ́ sílé. Mo ní rárá. Díísù ilẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ ní sọ́fà ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Asẹ́ inú sálẹ́ńsà yẹn ò lè fara da díísù tí à ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì, ibo la sì ti máa rí Eolys ní Oǹdó? Wọ́n ní àwọn a máa fi aṣọ sẹ́ díísù gwóńgwòrò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á bù ú sínú táǹkì, wọ́n á lọ. Mo ní mo mọ̀, Bàámi. Lítà 5.7 ni tiyín.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún £2,000 tí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń fún ẹni tó bá yọ̀ǹda mọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tú u nígbà náà. Ó ti rin 148,000 máìlì. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe máa ń ṣe, kò sí ṣíí-ṣíí-ṣíí. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì wọn, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Asẹ́ kékeré ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo tí mo ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ránṣẹ́ sí Bàámi. Wọ́n fi ohùn dá mi lóhùn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ò tó ojú kan nínú asẹ́ tí ìyá rẹ fi ń sẹ́ ògì. Ó sì dá ẹṣin àádọ́fà dúró?"

Mo ní ẹṣin 109.

Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti san £2,000 náà.